Yamaha F200 méjì, pùròpẹ́là 19: ṣé kí n gùn ún sí 21 ni, àbí kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀?

Atukọ̀_Ìpakodò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọkọ̀ fíbà ẹsẹ̀ bàtà 28 ni, Yamaha F200 méjì ló wà nídìí rẹ̀, ọ̀kan ń yí sọ́tùn-ún, èkejì ń yí sósì. Ìkòròdú sí Marina ló ń ná. Pùròpẹ́là alumíníọ́mù eléwé mẹ́ta, 13¾ × 19 (ínṣì fífẹ̀ rẹ̀ ló ṣáájú, pitch rẹ̀ ló tẹ̀lé), ló wà lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Tí ọkọ̀ bá ṣófo, RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) ń dé 5,400. Àmọ́ tí èrò 16 bá wọlé tẹrùtẹrù, tí mo sì ti lífà dé òpin, ẹ́ńjìnì ọ̀tún kì í kọjá 4,700, ti òsì ń ṣe 4,900. GPS ń sọ 55 km/h. Imú ọkọ̀ sì máa ń pẹ́ lókè kó tó wálẹ̀.

Ẹni tó ń ta pùròpẹ́là ní kí n ra sitéǹlẹ́ẹ̀sì 21, ìyẹn ló máa sáré. Ó tún ní ayíọ̀tún méjì ló kù nílẹ̀, pé kò séwu, ẹnu wọn bára mu. Kí lẹ rí sí i?

ỌgáẸ́ńjìnì:
Ẹ má ra 21 o. Ìwé F200 ní kí RPM wà láàárín 5,000 sí 6,000 tí lífà bá ti dé òpin, ẹ ò sì tíì dé 5,000 pẹ̀lú èrò. Nọ́ńbà kejì yẹn, pitch, ni iye ínṣì tó yẹ kí pùròpẹ́là fi rìn síwájú tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, bíi pé inú igi ló ti ń wọlé bí ìṣó oníyìípo. Ínṣì kan tẹ́ ẹ bá fi kún un máa já RPM wálẹ̀ tó 150 sí 200. Tẹ́ ẹ bá gbé 21 sí i, 4,400 tàbí kó dín díẹ̀ lẹ máa rí. Bí ẹni gbé ọ̀kadà sí gíà tó ga jù tó wá ń gun òkè ni: ẹ́ńjìnì á máa kérora, epo á máa lọ, èédú á máa dì sórí písítìnì, ooru á sì máa pọ̀ sí i níbi tí ojú yín ò tó.

17 ni kẹ́ ẹ rà. Pẹ̀lú èrò, ẹ máa rí nǹkan bíi 5,100 sí 5,200. Tó bá ṣófo, á súnmọ́ 5,750, kò tíì kọjá ààlà. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ dé 15, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ṣófo á kọjá 6,000, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. RPM lọ́nà pitch, ẹ pín in fún iye gíà, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí kí pùròpẹ́là tó yí lẹ́ẹ̀kan (1.86 ni mo fi ṣe é, ẹ wo ti yín nínú ìwé), kẹ́ ẹ tún pín in fún 656, km/h ló máa já sí. 4,800 × 19 ÷ 1.86 ÷ 656 jẹ́ 74.7. GPS ní 55. Á jẹ́ pé omi ń gba bí 26 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ yín. Ọkọ̀ tó rù bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó kọjá 15 sí 25. Tí 17 bá wá ṣe 5,200, tí omi sì gba 20 péré, 58 km/h nìyẹn. Pitch tó kéré ló máa sáré jù, torí ẹ́ńjìnì á lè mí.

Ọmọ_Ọ̀sà:
Ọ̀rọ̀ ayíọ̀tún méjì yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Òótọ́ ni pé ẹnu wọn bára mu, eyín 15 tó ń di ọ̀pá mú ló wà nínú méjèèjì, àá sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti lífà síwájú ní jẹ́tì, ẹ́ńjìnì ọ̀tún á tì yín síwájú, ti òsì á fà yín sẹ́yìn, ọkọ̀ á máa pòyì lójú kan. Ẹnì kan á tún sọ pé kẹ́ ẹ máa fi gíà ẹ̀yìn wa ti òsì. Ẹ má gbọ́. Bẹ́árìn tó ń gba agbára ìtìsíwájú kò sí lápá ibẹ̀, gíábọ́ọ̀sì yẹn ò ní pẹ́ tó fi máa jẹ ara rẹ̀.

Ẹ wo àmì tí wọ́n lù sí i: M ni ti ayíọ̀tún, ML ni ti ayíòsì. Lára ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀, LF200 ni wọ́n kọ sí èyí tó ń yí sósì. Tí àmì bá ti pa rẹ́, ẹ gbé pùròpẹ́là sílẹ̀ kí ihò rẹ̀ kọjú sókè, kẹ́ ẹ wo ewé tó wà níwájú yín: tó bá gùn láti ìsàlẹ̀ lápá òsì lọ sókè lápá ọ̀tún, ayíọ̀tún ni. Ayíọ̀tún lọ́tùn-ún, ayíòsì lósì, bí wọ́n ṣe máa ń tò ó nìyẹn.

Ìyá_Wíńdò:
Ẹ̀gbọ́n Ìpakodò, kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ wá ìdí tí ọ̀tún fi fi 200 kéré sí òsì. Ẹ má fi 17 sọ́tùn-ún kẹ́ ẹ fi 19 sósì láti fi bo àìsàn mọ́lẹ̀. Ẹ rí i pé tírímù (bí ẹ́ńjìnì ṣe dagun sí) méjèèjì wà lójú kan náà. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ ṣí kóbà, kí ẹnì kan ti lífà dé òpin kẹ́ ẹ fojú ara yín wò ó bóyá kébù ń ṣí i tán lápá ọ̀tún. Ẹ pààrọ̀ míta RPM méjèèjì síra wọn: tí àìtó bá tẹ̀lé míta, míta ló ń purọ́. Lẹ́yìn náà ni pùròpẹ́là fúnra rẹ̀: ẹ gbé e sórí pákó tó tẹ́jú, ẹ fi rúlà wọn ibi tí ṣóńṣó ewé kọ̀ọ̀kan ga dé. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, ó ti tẹ̀. Tí gbogbo ìyẹn bá dára, ẹ lọ sórí pọ́lọ́ọ̀gì àti kọ̀ǹpùréṣọ̀n (agbára tí písítìnì fi ń fún atẹ́gùn pọ̀).

26 yẹn náà pọ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ bóyá ewédò àti ìkarahun ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wo irin pẹrẹsẹ tó wà lókè pùròpẹ́là: níwájú ẹ́ńjìnì kọ̀ọ̀kan lẹ ti máa wọn ìdí ọkọ̀, kì í ṣe láti àárín gbùngbùn níbi tó jìn jù. Tí irin yẹn bá ga jù, atẹ́gùn á wọlé, RPM á fò sókè tẹ́ ẹ bá yà, ọkọ̀ ò sì ní lọ.

Ní ti sitéǹlẹ́ẹ̀sì, ó ń sáré díẹ̀ jù lóòótọ́, ewé rẹ̀ kì í tẹ̀. Ìyẹn gan-an ni wàhálà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọjá níwájú Òkòbàbà, níbi tí gẹdú ti ń léfòó, alumíníọ́mù ló máa ká tó bá gbá igi. Tí sitéǹlẹ́ẹ̀sì bá gbá a, inú gíà ni ìgbájú yẹn ń lọ. Ẹ ra alumíníọ́mù, kẹ́ ẹ ní méjì mìíràn nínú ọkọ̀.

ỌgáẸ́ńjìnì:
Mo gbà pẹ̀lú yín, Ìyá Wíńdò, àmọ́ ó ku kinní kan. Torí imú ọkọ̀ tó ń pẹ́ lókè, èmi á fara mọ́ eléwé mẹ́rin. Ó ń gbé ìdí ọkọ̀ sókè kíákíá, ó sì ń di omi mú nínú ìgbì. Á já RPM wálẹ̀ tó 50 sí 100, á sì gé eré díẹ̀ lókè, torí náà kí pitch rẹ̀ fi ínṣì kan dín sí ti eléwé mẹ́ta.

Atukọ̀_Ìpakodò:
Ẹ ṣé gan-an ni. Kébù ọ̀tún ló ṣẹ́kù díẹ̀ kó ṣí tán o, mo ti fà á. 17 eléwé mẹ́ta ni mo máa kọ́kọ́ dán wò, M kan, ML kan. Kí ni kí n ṣọ́ra fún tí mo bá ń dè é?

Ọmọ_Ọ̀sà:
Ẹ yọ okùn pajáwìrì, ẹ pa bátìrì. Ẹ ki igi sáàárín ewé àti irin pẹrẹsẹ yẹn kó má yí. Tí pùròpẹ́là bá ti jáde, ẹ yọ wáṣà ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ wo ìdí ọ̀pá dáadáa: okùn àwọ̀n àti náílọ̀n máa ń wé síbẹ̀, wọ́n á gé rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì. Tí ọ́ìlì gíà bá ti dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti wọlé nìyẹn. Ẹ fi gíríìsì sí eyín ọ̀pá. Ẹ má gbàgbé wáṣà ńlá yẹn, apá tó rí ṣóńṣó sì ni kó wọ inú pùròpẹ́là. Nọ́ọ̀tì, ẹ fún un dé 55 Nm (ìwọ̀n agbára ìfúnpọ̀ tó wà lára sípánà oníwọ̀n). Tí ihò píìnì ò bá bára mu, ẹ fún un sí i, ẹ má tú u sẹ́yìn. Píìnì tuntun ni kẹ́ ẹ lò.

Kẹ́ ẹ tó gbé e wọ omi, ẹ fi ọ̀dà fa ìlà kan láti àárín ihò dé ara ìta. Lọ́jọ́ tí RPM bá ń ga tí ọkọ̀ ò lọ, tí ìlà yẹn sì ti já sí méjì, rọ́bà inú rẹ̀ ló ti yọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń dán an wò, kí ẹrù jẹ́ iye tẹ́ ẹ máa ń gbé, kẹ́ ẹ sáré lọ kẹ́ ẹ tún sáré bọ̀ lójú ibì kan náà nítorí omi tó ń ṣàn, kẹ́ ẹ wá pín iye GPS méjèèjì sí méjì. Ẹ kọ RPM ẹ́ńjìnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e wá síbí.