Àdìrẹ yáàdì 5 lórí ọ̀pá kọ́tìnnì: ó ń yọ̀ bọ́, kò sì rọ̀ dáadáa

Ará Àdìgbẹ́

Ẹ ǹlẹ́ níbí o, ẹ̀yin àgbà. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ yáàdì 5 kan wà nílẹ̀ tí a ò tíì gé, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íńṣì 45. Fèrèsé pálọ̀ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5, ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń bá a gan-an. A ò fẹ́ rán kọ́tìnnì. A kàn fẹ́ gbé aṣọ náà kọ́ ọ̀pá, kó rọ̀ bí ikùn níwájú, kí etí rẹ̀ méjèèjì wálẹ̀ lápá ọ̀tún àti òsì. Irin tó ń dán ni ọ̀pá tó wà níbẹ̀. Bí a bá ti gbé aṣọ sí i ló ń yọ̀ bọ́, èyí tó bá sì dúró, bí okùn ló rí. Ṣé aṣọ ni kò tó ni, àbí ọwọ́ wa ni kò mọ̀ ọ́n?

Télọ̀ Pánsẹ́kẹ́

Aṣọ yín tó. Àmọ́ ẹ má fojú wọ̀n ọ́n, téèpù ni kí ẹ lò.

Ọ̀pá gbọ́dọ̀ yọ kọjá fèrèsé ní sẹ̀ǹtímítà 15 lápá kọ̀ọ̀kan, torí náà tiyín á jẹ́ 180 (ẹsẹ̀ bàtà 5 jẹ́ nǹkan bí 150). Ẹ jẹ́ kí ìrù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn etí aṣọ tó wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, gùn tó 90, kó dé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta fèrèsé. Ìyẹn jẹ́ 180 mìíràn. Ikùn kọ̀ọ̀kan tó bá rọ̀ níwájú máa ń jẹ tó 30 lé lórí gígùn ọ̀pá. Méjì ló bá ọ̀pá yín mu, 60 nìyẹn. Ẹ rò ó pọ̀, 420 ni. Yáàdì 5 jẹ́ 457. Sẹ̀ǹtímítà 37 tó ṣẹ́kù ni aṣọ máa fi pọ́n ọ̀pá níbi mẹ́ta, tí ẹ ó sì fi ká etí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ ṣe ikùn mẹ́ta, ẹ sọ fún un pé aṣọ ò gbà á, àyàfi tí ìrù bá máa kúrú.

Ohun tó sọ ọ́ di okùn ni pé ẹ kó o sọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lọ aṣọ kó tẹ́jú, ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹní, kí ẹni kan dúró ní etí kan, kí ẹnì kejì dúró ní etí kejì. Kí ẹ máa ṣẹ́ ẹ po ní gígùn rẹ̀, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn, bí a ti ń ṣẹ́ gèlè ká tó wé e. Ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, iye ìṣẹ́po á jẹ́ bíi 11. Ẹ fi òwú dì í fẹ́rẹ́ níbi mẹ́rin tàbí márùn-ún kó má tú mọ́ yín lọ́wọ́, kí ẹ sì fi píìnì sàmì sí àárín rẹ̀ gan-an.

Àárín aṣọ ló ń kọ́kọ́ gun ọ̀pá. Kó pọ́n ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀, kó padà síwájú. Ẹ ṣe bákan náà ní igun ọ̀tún àti igun òsì, kí ìrù wá rọ̀ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ tó máa tú òwú. Ìṣẹ́po tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni kí ẹ kọ́kọ́ fà wálẹ̀, kó jìn sí ọ̀pá tó 30. Èyí tó tẹ̀ lé e lókè, ẹ fà á wálẹ̀ díẹ̀, kó má jìn tó ti àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ títí dé òkè. Bí ẹ bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ á lọ́ pọ̀, okùn náà lẹ ó tún padà rí.

Aláró Ìtòkú

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin télọ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ ọ̀hún, ẹlẹ́kọ ni wọ́n pè é, ìbéèrè tí ẹ kò sì bi wọ́n ni pé báwo ni ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí.

Ojú kan ṣoṣo ni a ń ya ẹ̀kọ tó ń dènà aró sí lára aṣọ, yálà ìyẹ́ adìyẹ la fi yà á ni tàbí páànù tí a ti gé bátànì sí lára. Kò sí ohun tó dènà aró ní ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn ẹlẹ́kọ fi sábà máa ń dúdú, tí iṣẹ́ ara rẹ̀ á kàn hàn fírífírí. Nínú ikùn, ẹ̀yìn yẹn fara pamọ́. Nínú ìrù tó ṣẹ́po, ẹ̀yìn ń yọjú láàárín gbogbo ìṣẹ́po, ẹni tó bá jókòó sí pálọ̀ á rí i. Kí télọ̀ rán aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ẹ̀yìn ìrù méjèèjì, sẹ̀ǹtímítà 90 láti etí kọ̀ọ̀kan, kó má gùn dé ibi ikùn, torí á ki, kò ní rọ̀ mọ́. Àdìrẹ oníko ò ní wàhálà yìí; dídì ni a dì í, ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ẹ tún wo àwòrán rẹ̀. Bí ẹyẹ tàbí ohun mìíràn tó ní orí àti ẹsẹ̀ bá wà lára rẹ̀, tí orí wọn kọjú sí etí aṣọ kan, ìrù kan á dúró ṣánṣán, èkejì á dorí kodò. Ẹ gé aṣọ ní àárín, ẹ yí ìdajì kan padà, kí ẹ rán wọn pọ̀. Ojú rírán náà á bọ́ sí ibi tó ti pọ́n ọ̀pá láàárín, ẹnikẹ́ni ò ní rí i.

Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé aró rẹ̀ ń bọ́: ẹ fi aṣọ funfun tó tutù nù ún dáadáa. Bí aṣọ funfun bá mú àwọ̀, ẹ fi omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ fọ àdìrẹ náà, kí ẹ máa ṣàn án títí omi á fi mọ́, ẹ sá a síbòòji. Iyọ̀ àti fíníga tí wọ́n ń ní kí ẹ dà sí i ò mú aró ẹ̀lú dúró. Àwọ̀ tó dúró sójú òwú tí kò wọlé ló ń bọ́, fífọ̀ ló sì ń kó o kúrò.

Ará Àdìgbẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin màmá. Ẹyẹ wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Oòrùn ńkọ́? Ọ̀pá tó ń yọ̀ ńkọ́?

Káfíńtà Láfẹ́nwá

Ẹ má ra ọ̀pá tuntun. Ẹ ya aṣọ òwú líle tí kò dán ní fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ fi wé ọ̀pá yíká láti igun kan dé èkejì, kí ẹ rán ìparí rẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Aṣọ á di aṣọ mú. Bí kò bá tíì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi píìnì kan sí ẹ̀yìn níbi tí aṣọ ti pọ́n ọ̀pá.

Irin tó di ọ̀pá mú gbọ́dọ̀ yọ kúrò lára ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ aṣọ tó ṣẹ́po ní 11 ò ní ráyè kọjá lẹ́yìn. Ẹ fi mẹ́ta sí i, ìkẹta láàárín, torí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn ní 180 máa ń tẹ̀. Nínú ògiri búlọ́ọ̀kù, ẹ fi dìrílì mìlímítà 6 lu u kọjá sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri, kí ike tó ń di sikúrúù mú wọ inú búlọ́ọ̀kù gan-an. Bí dìrílì bá já sófo, ihò inú búlọ́ọ̀kù lẹ bá, ẹ sún un díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́ ò gba ike yìí rárá. Pátákó ni kí ẹ kàn mọ́ férémù fèrèsé, kí ọ̀pá wà lára pátákó. Bí ọmọdé kan péré bá fa ìrù aṣọ yẹn, ọ̀pá tí kò dúró dáadáa á já lulẹ̀.

Aláró Ìtòkú

Oòrùn: ẹ̀yìn aṣọ tó kọjú sí gíláàsì ló ń kọ́kọ́ ṣá, àti orí ìṣẹ́po, á wá di ìlà-ìlà. Aṣọ funfun tí a ní kí wọ́n rán sẹ́yìn ìrù á gba díẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá fọ̀ ọ́, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ má jẹ́ kí ìṣẹ́po bọ́ sójú ìlà àtijọ́.

Ìyá Oníborùn

Mo fi èyí kún un fún ẹni tí kò ní àdìrẹ. Sikáàfù onígun mẹ́rin, 90 sí 90, ẹ gbé e kọ́ ọ̀pá láti igun dé igun. Á gba 127 lórí ọ̀pá, á sì rọ̀ níwájú tó 63. Fún ọ̀pá 180, méjì tó, kí wọ́n gun ara wọn ní bíi 70. Mẹ́ta ló kún ojú jù. Igun dé igun gan-an ni kó jẹ́ o, torí bí iwájú bá wúwo ju ẹ̀yìn lọ, á máa yọ̀ bọ́ díẹ̀díẹ̀. Ṣífọ́ọ̀nù rọ̀ dáadáa ju òwú lọ, ṣùgbọ́n fáànù ń gbé e, iná sì ń yọ́ ọ. Ẹ má jó kọ́ìlì ẹ̀fọn sábẹ́ rẹ̀.