Ìwé ọkọ̀ tó fo ọdún mẹ́ta

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìrírí àwọn ẹlòmíràn láìsọ tèmi, torí ojú ń tì mí. Lónìí, ẹ jẹ́ kí n ro ti ọkọ̀ àlòkù kan tí mo rà, bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ọkọ̀ náà rẹwà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ọ̀dà rẹ̀ ń dán, inú rẹ̀ ń ta sánsán, ẹ́ńjìnì sì gbà lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹni tó ń tà á yí kọ́kọ́rọ́. Ó gbé ìwé sáfíìsì rẹ̀ fún mi, èyí tí wọ́n ń tẹ òǹtẹ̀ sí bí wọ́n bá ti ṣe ìtọ́jú ọkọ̀, mo ṣí i. Òǹtẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́dọọdún títí dé 74,000 kìlómítà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún mẹ́ta ṣófo. Òǹtẹ̀ tó tún tẹ̀ lé e wà ní 139,000. Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń ṣe é déédéé o. Mẹkáníìkì kan nítòsí ibi iṣẹ́ ni wọ́n ń gbé e lọ bá, ìyẹn ò ní òǹtẹ̀." Ó dùn létí. Mo gbà.

Oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn rẹ̀, mo wà lójú ọ̀nà márosẹ̀, mi ò tilẹ̀ sáré. Mo gbọ́ "pá!" lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnì sì dákẹ́. Síárínì le mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fi tipátipá darí ọkọ̀ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Nígbà tí mo tún yí kọ́kọ́rọ́, ó ń yí fúyẹ́fúyẹ́, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ohùn yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Mẹkáníìkì tú u, ó pè mí pé kí n wá fojú ara mi rí i. Táímìn bẹ́líìtì ló já. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n: bẹ́líìtì onírọ́bà eléyín ni, òun ló ń mú kí fáfù, ìyẹn àwọn ìdérí kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì tí èéfín sì ń gbà jáde, máa ṣí kó sì máa padé ní ìbámu pẹ̀lú bí písítìnì ṣe ń lọ sókè tó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, bó bá já, písítìnì á lọ gbá fáfù tó ṣí sílẹ̀. Nínú fáfù 16 tó wà nínú tèmi, 12 ló tẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà kọ ọ́ sínú ìwé pé kí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì yẹn ní 100,000 kìlómítà. Ẹ wo ibi tí 100,000 bọ́ sí: àárín 74,000 sí 139,000. Nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ náà ṣì wà lẹ́yìn bẹ́líìtì tó já. Èyí tó bá ọkọ̀ náà wáyé ni.

Ohun tó ń dùn mí ni pé wọn ò fi àlàfo yẹn pamọ́ fún mi. Mo rí i. Mo ka òǹtẹ̀ tó wà, mi ò bi ara mi pé iṣẹ́ wo gan-an ló yẹ kí wọ́n ti ṣe níbi tí òǹtẹ̀ ò sí. Owó àtúnṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì iye tí mo fi ra ọkọ̀.

Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣe rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín. Ẹ má bú mi o, ìyàwó mi ti bú mi tó.

*

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó máa bú ọ. Ọdún 22 rèé tí mo ti ń ṣe mẹkáníìkì, irú ẹ́ńjìnì tìrẹ yẹn, mi ò mọ iye tí mo ti tú.

Ohun tó o sọ níparí yẹn, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Bí oníbàárà bá gbé ìwé ọkọ̀ wá kí n bá òun wò ó kó tó sanwó, mi ò kì í ka òǹtẹ̀. Àlàfo ni mò ń wò, màá wá kọ gbogbo ohun tó yẹ kí wọ́n ti pààrọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni pé wọn ò fọwọ́ kan ìkankan. Bí ẹni tó ń tà á bá mú rìsíìtì jáde, màá fa ìlà lé e. Bí kò bá mú un jáde, ó di owó tí a ó yọ kúrò lára iye tó dá lé ọkọ̀. Ẹnu lásán kì í pààrọ̀ bẹ́líìtì.

Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, wọ́n á gbàgbé ìyókù. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ní kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ ní bí ọdún méjì méjì, bí ọkọ̀ ò tilẹ̀ rìn. Bí omi bá ti pọ̀ nínú rẹ̀, tí ẹ ń sọ̀kalẹ̀ òkè tó gùn, tí bíréèkì gbóná, omi yẹn á hó, ẹsẹ̀ yín á sì wọlé lọ bí ẹni tẹ tìmùtìmù. Ọ́ìlì gíà ọ̀tọ̀mátíìkì ńkọ́? Àwọn kan á ní wọn kì í pààrọ̀ rẹ̀ títí ayé ọkọ̀. ZF ti Jámánì, tó ń ṣe gíà fún ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, fúnra wọn dámọ̀ràn pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láàárín 80,000 sí 120,000 kìlómítà. Èwo ni ká gbọ́, ẹni tó ṣe é ni àbí ẹni tó ń tà á?

Bí ẹ bá fẹ́ lọ wo ọkọ̀, ẹ ní kí wọ́n má tan án kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá dé, ẹ gbé ọwọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì. Bó bá gbóná, ẹ bi wọ́n léèrè ìdí. Ẹ ṣí ọmọrí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sí, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí inú rẹ̀. Bí irin ibẹ̀ bá pọ́n díẹ̀ bí oyin, kò burú. Bó bá dúdú tó sì kì bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì, wọ́n ti fo pípààrọ̀ ọ́ìlì, ohun yòówù kí ìwé sọ. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi "ṣéènì ló ní, kì í ṣe bẹ́líìtì" tàn yín. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ṣéènì, ìyẹn irin tó ń ṣe iṣẹ́ bẹ́líìtì nínú àwọn ẹ́ńjìnì kan, ò ní ọjọ́ pípààrọ̀, ṣùgbọ́n ọ́ìlì tó mọ́ ló ń mú un pẹ́. Bí wọ́n bá ń fi ọ́ìlì gbígbó wà á, ṣéènì á jẹ, á gùn, á sì máa dún ṣàkàṣàkà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí wọ́n bá kọ́kọ́ tan ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná, ohùn yẹn lè má sí mọ́. Ẹ rí ìdí tí wọ́n fi ń bá yín tan án sílẹ̀.

Ó kù ọ̀kan. Pé iná ẹ́ńjìnì ò tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ò tíì sọ nǹkan kan, wọ́n lè ti pa á rẹ́ lánàá. Ẹ̀rọ kékeré tí à ń kì bọ abẹ́ síárínì máa ń sọ bóyá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti parí àwọn àyẹ̀wò tó ń ṣe fún ara rẹ̀. Bí púpọ̀ bá wà tí kò tíì parí, ẹnì kan ti nu ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà láìpẹ́, tàbí kó tú bátìrì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó tún máa ń sọ kìlómítà tó ti rìn látìgbà tí wọ́n nù ún. Mo ti rí 11 rí. Láti ilé ẹni tó ń tà á dé ṣọ́ọ̀bù mi, 11 kìlómítà náà ni.

*

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, tèmi yàtọ̀ sí tiyín. Ìwé ọkọ̀ tí mo fẹ́ rà ò fo ohunkóhun. Òǹtẹ̀ 9, ọdún 9, kìlómítà ń gòkè bí àtẹ̀gùn. Inú mi dùn débi pé mo ti ń ro ibi tí màá máa gbé e sí.

Àbúrò mi obìnrin ni mo mú lọ. Iṣẹ́ ìṣirò owó ló ń ṣe, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ìwé. Ó ní, "Sìsítà mi, kí ló dé tí bírò kan náà fi kọ ọdún 9?" Mo wò ó. Lóòótọ́, yíǹkì kan náà, ọwọ́ kan náà, òǹtẹ̀ kan náà tí etí rẹ̀ já lápá òsì láti ọdún kìíní dé ìkẹsàn-án. Ìwé ò ní àbàwọ́n, etí rẹ̀ ò ká. Ó yí ẹ̀yìn ìwé sókè, níbi tí wọ́n ń tẹ lẹ́tà wínníwínní sí, ọdún tí wọ́n tẹ ìwé náà jáde sì wà níbẹ̀. Òǹtẹ̀ àkọ́kọ́ fi ọdún 4 dàgbà ju ìwé tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí lọ.

Mo bi ọkùnrin náà léèrè. Ó ní ìwé àkọ́kọ́ ló sọnù, wọ́n dà á kọ ni. Ó lè jẹ́ òótọ́ o. Àmọ́ kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ kí a tó bi í? A wo rọ́bà orí pẹ́dàlì bíréèkì, ó ti jẹ tán lápá kan, lára ọkọ̀ tí wọ́n ní 68,000 péré ló rìn. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bá yí padà, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé.

Látìgbà yẹn, ìwé tó mọ́ jù ń bà mí lẹ́rù ju ìwé tó fo lọ.

*

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà àlàfo díẹ̀. Èyí tí mo rà fo oṣù 26. Ṣùgbọ́n ẹ wo kìlómítà rẹ̀: láàárín òǹtẹ̀ méjèèjì, 1,800 péré ló fi gòkè. Bàbá tó ni ín ló ṣàìsàn, ọkọ̀ sì jókòó sílé. Ọmọ rẹ̀ ló ń bá a tà á, kò sì fi nǹkan kan pamọ́.

Ìjókòó náà ní tirẹ̀ o. Bátìrì ti kú. Epo inú táǹkì ti bàjẹ́, a fà á dànù. Ìpẹtà ti jẹ irin bíréèkì. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì nípọn bí tuntun, àmọ́ ẹ má wo ìnípọn nìkan. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà ní ìparí àwọn lẹ́tà DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Tí ẹ bá rí 2311, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2011 ni wọ́n ṣe é. Tèmi ti pé ọdún 9, rọ́bà rẹ̀ ti ń sán wẹ́wẹ́. Gbogbo ìyẹn ni mo dá owó lé kí n tó dúnàádúrà, wọ́n sì yọ ọ́ fún mi.

Ọmọ náà tún fún mi ní ọ̀rá kan tí rìsíìtì kún inú rẹ̀: fíltà, ọ́ìlì, plọ́ọ̀gì. Bàbá ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ wọn kó tó dùbúlẹ̀, ó sì kọ kìlómítà sórí ìkọ̀ọ̀kan. Ọ́ìlì ti ta sí ìdajì wọn. Ọdún karùn-ún rèé tí mo ti ń wa ọkọ̀ yẹn.

*

Kékeré ni tèmi. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ò lo ìwé mọ́, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Kí ẹ tó pe ìwé òfìfo ní àlàfo, ẹ mú nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, ìyẹn ẹlẹ́yọ 17 tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, ẹ ní kí ẹni tó ni ọkọ̀ bá yín béèrè lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún irú ọkọ̀ náà ṣe. Kí ẹ sì rí i pé nọ́ńbà yẹn bá ti inú ìwé mu.

*

Ẹ má lé mi jáde o. Èmi ni ẹni tó ń tà.

Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nígbà kan, ọdún méjì gbáko ni mi ò fi pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ mi. Tó bá ti lọ sílẹ̀, màá bù kún un. Nígbà tí mo fẹ́ tà á, mo gbé e lọ fún sáfíìsì kan ṣoṣo, kí òǹtẹ̀ tuntun lè wà lókè. Òǹtẹ̀ yẹn ló ta ọkọ̀. Ẹni tó rà á wo ojú ewé tó kẹ́yìn, ó mi orí. Kò yí i padà sẹ́yìn, kò bi mí, èmi náà ò sọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó pè mí. Tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì, ti bàjẹ́. Mo sọ fún un pé nígbà tó wà lọ́wọ́ mi, kò ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí, òótọ́ sì ni. Ó tún pè lọ́jọ́ kejì, mi ò gbé e. Títí dòní, bí nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ bá pè mí lálẹ́, ọkàn mi á kọ́kọ́ lọ síbẹ̀.

*

Ẹ̀gbọ́n mi tó ta ọkọ̀, mi ò bú yín. Ṣùgbọ́n ẹ pè é padà.

*

Èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyí o. Mo ti ra òmíràn.

Èyí náà fo. Láti 82,000 dé 121,000, kò sí nǹkan kan. Kí n tó lọ, mo wá ètò sáfíìsì irú ọkọ̀ náà jáde, mo sì kọ ohun tó bọ́ sínú àlàfo sórí ìwé kan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì ṣe sọ. Bẹ́líìtì ló wà lókè pátápátá. Mo gbé ọwọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì, ó tutù. Mo wá bi ìyá tó ń tà á pé, "Mà, ẹ ti pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀ bí?"

Mo ń retí ẹ̀rín, mo ń retí mẹkáníìkì ẹ̀bá ibi iṣẹ́. Ìyá ní, "Rárá o. Wọ́n ti sọ fún mi pé ó yẹ kí n pààrọ̀ rẹ̀, owó ni ò sí. Ìdí tí mo fi ń tà á nìyẹn."

A yọ owó bẹ́líìtì àti iṣẹ́ rẹ̀ kúrò, a yọ ti ọ́ìlì bíréèkì àti ti gíà, mo sanwó. Ìyá na kọ́kọ́rọ́ sí mi pé kí n máa wà á lọ. Mo ní ẹ ṣeun mà, ọkọ̀ tó máa wọ́ ọ ti ń bọ̀ lọ́nà.