Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: slot iṣẹ́ ìjọba àbí iṣẹ́ sólà?

Ẹ káàsán o ẹ̀yin èèyàn mi. Mi ò fẹ́ kí orúkọ mi jáde torí àwọn ẹbí mi kan wà níbí.

Ọmọ ọdún 28 ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Nígbà tí ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2022 tí gbogbo wa jókòó sílé fún oṣù mẹ́jọ, bọ̀dá kan ládùúgbò wa tó ń ṣe sólà ní kí n wá máa bá àwọn gbé bátìrì dípò kí n máa sùn kiri, bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo padà síléèwé, mo ṣetán, mo ṣe àgùnbánirọ̀, ní báyìí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Geography níléèwé aládàáni kan, 50k lóṣù (ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé 70k ni òfin ní kí ẹni tó kéré jù máa gbà láti 2024). Tó bá di Sátidé mo máa ń bá bọ̀dá yẹn lọ síṣẹ́, Sátidé méjì tó dáa ti tó owó oṣù yẹn.

Wàyí o, àbúrò bàbá mi ní àwọn mọ ẹnìkan tó lè bá mi wá slot sí iṣẹ́ ìjọba, 800k. Màmá mi ò jẹ́ kí n sinmi, "tó o bá darúgbó kí lo máa jẹ?" Bọ̀dá sólà ní kí n fi tíṣà sílẹ̀ kí n wá dúró ti àwọn pátápátá. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní japa ló kù. Ẹnu ti pọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, nínú ìmọ̀ràn tí wọ́n fún ẹ̀yin náà lórí iṣẹ́, èwo lẹ gbà tẹ́ ẹ ṣì ń dúpẹ́, èwo lẹ gbà tẹ́ ẹ fi ìka àbámọ̀ bọnu?

Ọmọ Ọ̀yọ́: 800k kẹ̀? Fi ra bátìrì o jàre.

Alákàrà Òwúrọ̀: Àbúrò, jókòó kí n sọ tèmi. 2019, 350k, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló mú ẹni yẹn wá o, kì í ṣe ará ìta. Lẹ́tà dé lóòótọ́, sítáǹpù wà lára ẹ̀, a tiẹ̀ pa adìyẹ. Mo wọ bàtà tuntun dé ọ́fíìsì yẹn lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bàbá tó wà lẹ́nu géètì gba lẹ́tà lọ́wọ́ mi, wọ́n tu itọ́ sí àtàǹpàkò, wọ́n fi nu sítáǹpù yẹn báyìí, yíǹkì bá ọwọ́ wọn lọ. Wọn ò pariwo, wọ́n kàn ní "màdáámù, ẹ̀yin lẹ ṣe ìkẹrin láàárọ̀ yìí." Àkàrà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í dín lọ́sẹ̀ yẹn ló ń rán àwọn ọmọ mi níléèwé dòní. "Ṣá wá owó yẹn, ó ti dájú", òun ni ìmọ̀ràn tó burú jù tí mo gbà láyé mi.

Oorun Dùn: Àwọn tó ń sọ pé ohun tó o bá fẹ́ràn ni kó o fi ṣiṣẹ́, oorun ni mo fẹ́ràn o, ta ló fẹ́ gbà mí

Bàbá Tíṣà: Ọmọ mi, mo kí ẹ. Ìmọ̀ràn ìyá rẹ yẹn ni èmi gbà lọ́dún 1988, mi ò sì kábàámọ̀, òun ni mo fi kọ́lé, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀yáwó àjẹsẹ́kù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba tí ìyá rẹ mọ̀ kọ́ ló wà níbẹ̀ mọ́. Nígbà yẹn wọn kì í yọ kọ́bọ̀ lára owó oṣù wa fún pẹ́nṣọ̀n. Òfin 2004 ló yí i padà, ní báyìí wọ́n á yọ 8% lára owó tìrẹ, ìjọba á fi 10% kún un, ohun tó bá sì wà nínú akáǹtì yẹn ni wàá bá. Kò burú, tí wọ́n bá ń san án. Ọ̀rẹ́ mi kan fi ọdún márùn-ún retí gratuity, ó ń gbé fáìlì kiri bí ẹni ń kiri ọjà. Tí wọ́n bá fún ẹ níṣẹ́ ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́, gbà á. Èyí tó o bá fi gbèsè rà, bó o ṣe máa rí owó yẹn padà ni wàá kọ́kọ́ máa wá níbẹ̀. Mo ti bá irú wọn jókòó nínú ọ́fíìsì.

Sìsí Peckham: Japa tẹ́ ẹ dárúkọ ló jẹ́ kí n dá sí i. Care, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, ni mo bá wá sí UK ní 2023, mo ta ṣọ́ọ̀bù mi ní Gbági, mo tún yáwó kún un. Èmi ráyè kó ọkọ àti ọmọ wá, àbúrò mi tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi ò ráyè, torí láti March 11, 2024 ẹni tó bá fi care wọlé ò lè mú ẹbí dání mọ́. Nígbà tó di July 2025 wọ́n tilẹ̀kùn yẹn pátápátá fún ẹni tó ń bọ̀ láti òkèèrè. Torí náà àwọn ọ̀rẹ́ ẹ tó ń pariwo japa, bi wọ́n pé ọ̀nà wo? Ìmọ̀ràn tó dáa jù tí mo gbà, ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ aṣọ ló fún mi, wọ́n ní "ibi yòówù kó o lọ, mú sísọ́ọ̀sì ẹ dání." Mo mú un (inú báàgì ńlá o, ẹ má fi sínú èyí tẹ́ ẹ máa gbé wọ bàálù). Ọjọ́ tí mi ò bá sí níbi iṣẹ́, bùbá àti ìró aṣọ ẹbí ni mò ń rán, àwọn oníbàárà ò sì jẹ́ kí n sinmi.

Ìyá Ìbejì: Má fi tíṣà sílẹ̀ láàárín táàmù o, àwọn ọmọ yẹn ò ṣẹ̀ ẹ́.

Wáyà Pupa: Mo ti ń ṣe sólà láti 2015, ẹ jẹ́ kí n sọ tinú ilé. Nígbà tí wọ́n gbé owó iná Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn pọ̀ jù, láti 68 náírà sí 225 lórí yúnìtì kan ní April 2024, fóònù mi ò sinmi, ẹni tó bá sì ti wo YouTube lẹ́ẹ̀mejì ti di ẹnjiníà. Ọ̀gá tó kọ́kọ́ kọ́ mi, ìmọ̀ràn wọn ni "ṣá so ó kó tàn, gba owó, máa lọ." Mo gbà á. Mo gbé pánẹ́ẹ̀lì mẹ́fà sí ẹ̀gbẹ́ táǹkì omi lórí òrùlé màdáámù kan, tó bá ti di aago mẹ́ta òjìji táǹkì á bọ́ sórí ẹyọ kan, gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á rọ torí orí ìlà kan náà la so wọ́n sí. Ìyẹn ṣì kéré o. Mi ò fún nọ́ọ̀tì ẹnu bátìrì kan le dáadáa, lọ́sẹ̀ kẹta wọ́n pè mí pé àwọn ń gbóòórùn, mo débẹ̀, ẹnu wáyà ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ike ara ẹ̀ ti yọ́ sílẹ̀. Bátìrì 220Ah méjì ni mo rà padà fún wọn. Bàbá kan tó jẹ́ oníṣẹ́ iná àtijọ́ ló wá sọ fún mi pé "má so ohun tó ò tíì ṣírò." Látìgbà yẹn, kí n tó gbówó, mo máa ń jókòó ní pálọ̀ oníbàárà, màá kọ fíríìjì, fáànù, gílóòbù, wákàtí mélòó lóru, gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. Torí náà lọ wo bọ̀dá tìẹ, ṣé wọ́n ń ṣírò ni àbí wọ́n ń fojú dá a? Tó bá jẹ́ pé ojú ni wọ́n fi ń dá a, sá.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin àgbà. Ohun kan wà tí mi ò sọ. Màmá mi ti yá 400k ní àjẹsẹ́kù wọn, ó wà nínú akáǹtì mi bí mo ṣe ń tẹ èyí, àbúrò bàbá mi ní kí n fi ránṣẹ́ kó tó di Fúráìdè.

Alákàrà Òwúrọ̀: MÁ FI RÁNṢẸ́!!! Ní kí wọ́n mú ẹ lọ rí ẹni yẹn lójúkojú ná

Ẹni tó béèrè: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí wọ́n mú mi lọ rí ẹni yẹn, wọ́n ní ẹni yẹn kì í rí èèyàn, mo ní ó dáa, wọ́n gé fóònù, wọ́n sì lọ bá màmá mi pé mò ń rí àwọn fín. A ti dá owó padà sí àjẹsẹ́kù lánàá, èlé oṣù kan ló bá a lọ. Mo sì bi bọ̀dá sólà nípa ìṣírò, wọn ò dáhùn, wọ́n kàn wọlé lọ gbé ìwé kan tí èèpo ẹ̀ ti já jáde, gbogbo ilé tí wọ́n ti ṣe láti 2017 ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú fáànù wọn. Tí táàmù yìí bá parí mò ń lọ bá wọn. Màmá mi ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa, àárọ̀ yìí ni wọ́n sọ ẹyọ kan: "ṣé wọ́n ń fún onísólà ní pẹ́nṣọ̀n?"

Bàbá Tíṣà: Sọ fún wọn pé ó wà. Láti 2019 ni ìjọba ti ṣí ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọlọ́jà, micro pension ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn, ohun tó bá wà lọ́wọ́ ẹ lo máa fi síbẹ̀. Ìyàwó mi tó ń ta èlùbọ́ wà níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Bàbá ẹ jọ̀ọ́ báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é, èmi náà fẹ́

Ẹni tó béèrè: Mo kà á fún màmá mi. Wọ́n ní kí n bi yín pé ṣé ẹni tó ń ta ẹ̀pà náà lè ṣe é.