Ìwúkàrà fúnra rẹ̀ kì í wú

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa ará Ọ̀fà ní, tí a bá ń kọ Yorùbá, kí á máa pe PROPHECY, ibi tí àwọn onímọ̀ ní Swídìn kó ìwádìí wọn lórí bí yíìsì, ìyẹn ìwúkàrà, ṣe ń pọ̀ sí i jọ sí, ní "Àká Ìwú Ìwúkàrà". Àká dára, ó tẹ́ mi lọ́rùn. "Ìwú" yẹn ni kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ.

Kí ló ń wú? Ṣebí ohun tí a pò ni! Màsà ni ìyá mi ń dín ní Ìlọrin níbí. Lálẹ́, á bu yíìsì sínú ìrẹsì lílọ̀, á fi ọmọrí dé e. Tó bá di ìdájí, á ṣí i, á rí i tó ń hó, tó ti kún dé etí ìkòkò: "Ó ti wú." Ìrẹsì ló ń bá wí. Ẹ tú orúkọ náà wò: ì-wú-àkàrà. Àkàrà ló ń gba wíwú níbẹ̀.

Yíìsì ní tirẹ̀, ṣe ló ń yọmọ lára bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ń yọmọ nídìí. Ìbísí nìyẹn, òun náà ni wọ́n sì ń wọ̀n. Láti 1996 ni àwọn onímọ̀ ti ka àbùdá rẹ̀ (ohun àjogúnbá inú ara rẹ̀ tí òyìnbó ń pè ní jíìnì) tán, nǹkan bí 6,000. Nígbà tó fi di 2002, wọ́n ti yọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ni yíìsì kò lè wà láàyè láìsí. Yíìsì tó bá yè, àwọn ti Swídìn á gbé e sínú omi oúnjẹ tó ní iyọ̀: ṣé ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ? Báwo ló ṣe ń yára bí sí i? Mélòó ló ti dà nígbà tí oúnjẹ tán? Tí iyọ̀ bá dá a dúró, a mọ̀ pé àbùdá tí wọ́n yọ ló ń gbà á lọ́wọ́ iyọ̀. Níbo ni wíwú wà nínú ìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn bàbá àwọn máa ń pe "hù" ní "wù", pé ibẹ̀ ni òun ti mú un. Ẹ jọ̀ọ́ sà, "wù" tàwọn bàbá, ohùn ìsàlẹ̀ ni. "Ìwú" tí ẹ kọ, ohùn òkè ni. Irúgbìn ló ń hù, ẹsẹ̀ aláìsàn ló ń wú.



"Àká Ìbísí Ìwúkàrà" ni kí á kọ. Ní ti àkókò tí yíìsì fi ń jókòó kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ, òun náà ń fẹ́ orúkọ: nígbà ọyẹ́, ìyá mi á ṣí ìkòkò, á ní, "Kò tíì jí." "Ìpẹ́jí" ni mo pè é. Kí ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú lọ mú un wá.