Epo pupa dà sórí ìjókòó ọkọ̀ mi, ẹ gbà mí o!

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Takisí ni mo fi ń jẹun ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Màmá kan gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa àti ẹja wọ ọkọ̀ mi ní Ọjà Olúwo, ìdérí kẹ́ẹ̀gì náà ò le. Ká tó dé Ayétòrò, epo ti ṣàn sórí ìjókòó ẹ̀yìn, omi ẹja náà sì kán sí ẹ̀gbẹ́ kan. Aṣọ ni ìjókòó yẹn, kì í ṣe awọ. Mo ti fi àkísà nù ún títí. Ẹnì kan ní kí n fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́. Èrò ò fẹ́ jókòó síbẹ̀ mọ́.

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Má tíì fi omi kàn án. Da àtíkè bò ó, kó o fi í sílẹ̀ di àárọ̀, á máa mu epo náà. Tó bá ti pọ́n tó sì ti di ṣùpọ̀, fi ṣíbí ha á kúrò, kó o tún da òmíràn sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, po ọṣẹ olómi tá a fi ń fọ abọ́ mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ títí tí á fi hó. Ìfófòó rẹ̀ nìkan ni kó o fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ bù. Láti etí wá sí àárín ni kó o ti máa fọ̀ ọ́ o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ńṣe ni á máa fẹ̀ sí i.

Réwáyà Pópó-Òbà: Pẹtiróòlù kẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ jóná ni? Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn yẹn gan-an ni páńpù epo àti wáyà rẹ̀ wà. Ẹ fa iwájú ìjókòó náà sókè, kílíìpù ló sábà máa ń dè é. Ìta ni kí ẹ ti fọ̀ ọ́.

Ọmọ Lágbadé: Blíìṣì ńkọ́? Kíá ni á lọ.

Ìyá Ìbejì: Àwọ̀ ìjókòó ni á lọ, ọmọ mi.

Alágbàfọ̀: Ẹ̀gbọ́n, omi tútù ni kí ẹ fi fọ ibi tí omi ẹja kán sí. Gbígbóná á sè é mọ́ aṣọ ni. Tó bá ti gbẹ, ẹ wọ́n baking soda sí i fún òórùn rẹ̀, kí ẹ gbọ̀n ọ́n dànù lọ́jọ́ kejì. Bí ọ̀rá epo bá ti kúrò tí pupa rẹ̀ ṣì kù, ẹ má gbo ó mọ́. Ẹ sá a sóòrùn, oòrùn máa ń pa àwọ̀ epo pupa. Ẹni tó bá ti fọ aṣọ funfun tí epo ta sí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Ìjókòó ti jáde, kílíìpù ni lóòótọ́. Mo bá yẹtí kan lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá sọ nù, kó wá júwe rẹ̀! Àmọ́ òjò ti ṣú. Ṣé kí n fọ̀ ọ́ báyìí?

Ìyá Ìbejì: Rárá o. Àtíkè nìkan lónìí. Fọ́ọ̀mù tó tutù tí ò rí oòrùn á bu, òórùn rẹ̀ á sì ju ti ẹja lọ.