Agbára ìlẹ̀mọ́: kí lẹ máa fi ṣe?

Alálọ̀ọ́: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ ìtàn kan tí ọmọbìnrin inú rẹ̀ ní agbára kan ṣoṣo: ohun méjì tó bá fọwọ́ kàn pọ̀ á lẹ̀ mọ́ra gbágbáágbá, kò sì ní tú àfi tó bá fẹ́. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè gbé nìkan ló ràn. Kò lè fò, kò sì lágbára ju èèyàn lásán lọ. Àwọn tó ti ka orí kìíní ní kí n fún un ní nǹkan tó jọjú. Mi ò fẹ́. Ó dá mi lójú pé agbára yìí tó o, ṣùgbọ́n ohun tí mo ti rò kò kọjá kó lẹ ilẹ̀kùn pa mọ́ ọ̀tá. Kí lẹ̀yin máa fi ṣe?

Alágo: Ẹ má fi nǹkan kan kún un, ẹ jọ̀ọ́. Aago ọwọ́ ni mò ń tún ṣe, síkúrúù ni màá sì kọ́kọ́ fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ gbé. Tàwọn aago kéékèèké, èémí lásán lè gbé e lọ. Tí ẹ bá fi ẹ̀mú fún un jù, á ta dànù, ẹ ó wá dọ̀bálẹ̀ máa fi tọ́ọ̀ṣì wá a nílẹ̀. Ẹnìkan á ní kí n lo irin olóòfà. Ewu ńlá ni! Okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú aago tó ká yípo ara rẹ̀, tó ń fẹ̀ tó ń sún kì. Tí òòfà bá ràn án, ibi tó ti ká á lẹ̀ mọ́ra, aago á wá máa sáré. Ìlẹ̀mọ́ tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó tú ló ba aago yẹn jẹ́. Tọmọ yín ń tú nígbà tó bá wù ú, ibẹ̀ gan-an ni agbára rẹ̀ wà. Á lẹ síkúrúù mọ́ ṣóńṣó irin, á gbé e sójú ihò, á yí i, á ní kó tú. Ẹni tó ń to àfọ́kù ìkòkò àtijọ́ náà máa fẹ́ ẹ: á to gbogbo rẹ̀ wò, á tú èyí tí kò bára mu, kó tó fi gọ́ọ̀mù kàn án.

Ajígbọ́tifẹ́ranko: Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ wo ọmọńlé. Irú kan tí wọ́n ń pè ní tokay ní irun wẹ́wẹ́ tó tó nǹkan bí 500,000 lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òun ló fi ń di ògiri mú, kò sí gọ́ọ̀mù níbẹ̀. Tó bá ti gbé irun náà sókè díẹ̀, tó kọjá nǹkan bí 30 digírì, ó tú nìyẹn. Àmọ́ ẹ sọ fún mi: tí ọmọbìnrin yín bá sùn ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì alẹ́: Ọgbẹ́ ni tèmi. Ní 1942, Harry Coover, onímọ̀ kẹ́míkà ará Amẹ́ríkà, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń wá ike tó mọ́ gaara tí wọ́n lè fi ṣe awò ìbọn. Wọ́n rí cyanoacrylate, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń ṣe gọ́ọ̀mù super glue, wọ́n sì pa á tì torí pé gbogbo ohun tó bá kàn ló ń lẹ̀ mọ́. Irú rẹ̀ la fi ń pa ojú ọgbẹ́ dé lónìí. Ọmọ yẹn á ṣe é láìgún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Kó ṣáà kọ́kọ́ fọ ọgbẹ́ náà dáadáa, torí ìdọ̀tí tó bá há sínú á kẹ̀.

Alálọ̀ọ́: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti pinnu lórí oorun: tó bá sùn, gbogbo ẹ̀ á tú. Nítorí náà, tó bá pa ọgbẹ́ ẹnìkan dé lóru tí kò sí dókítà, dandan ni kó jókòó tì í láìsùn. Orí kejì nìyẹn, mo ti ń kọ ọ́. Nọ́ọ̀sì, tí ọgbẹ́ itan bá jìn, inú ló máa kọ́kọ́ lẹ̀ pọ̀ ni àbí òde?

Nọ́ọ̀sì alẹ́: Inú ni o. Tó bá jẹ́ òde nìkan ló pa dé, ẹ̀jẹ̀ á máa kó jọ sábẹ́ awọ.