Redis gbé àkọsílẹ̀ àjọ àwọn ìyá ọlọ́jà mì ní Iléṣà. Ẹ gbà mí o

Ọmọ Ẹrẹ́jà
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á. Láti òwúrọ̀ ni mi ò tíì jẹun.

Èmi ni mo ni áàpù tí àwọn alájọ fi ń gba owó ní ọjà Àtàkúnmọ́sà. Alájọ á tẹ nọ́ńbà ìyá lórí fóònù, á tẹ iye tó gbà, ó ti parí nìyẹn. Ìyá tó ń ta ata ò ní dúró kí nǹkan máa yí lójú fóònù nígbà tí oníbàárà ń pè é. Torí ìyára yẹn la ṣe gbé e sórí Redis, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n mú iná lọ lọ́sàn-án. Ìyẹn kì í ṣe tuntun. Àmọ́ bátìrì ìńfátà tí ẹnì kan tà fún mi, tó búra pé á gbé ẹ̀rọ di alẹ́, kò gbé e rárá. Ọmọ tó ń bá mi ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù ti lọ ra epo jẹnẹrétọ̀, ó sì pẹ́ kó tó dé torí pé èrò pọ̀ nílé epo. Nígbà tí iná máa dé, tí ẹ̀rọ tan ara rẹ̀, òdo náírà ni áàpù ń kọ fún gbogbo ìyá. Gbogbo wọn! Ìyá kan tó fẹ́ fi àjọ rẹ̀ san owó ilé-ìwé ọmọ wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní òun ò ní dìde. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, èmi náà ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Mo mọ̀ pé ohun tó sọ ló máa ṣe.

Wọ́n sọ fún mi pé Redis máa ń kọ nǹkan sí dísìkì. Irọ́ ni! Nǹkan tí kò lè fara da kí iná lọ lẹ́ẹ̀kan péré, kí lẹ ṣe ń yìn ín káàkiri? Kí ni kí n fi rọ́pò rẹ̀? Ǹjẹ́ ọ̀nà wà láti rí àkọsílẹ̀ yìí padà?

Òṣómàáló
Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ẹ má pa fáìlì kankan rẹ́, ẹ má sì tún Redis yẹn tàn títí a ó fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ ṣí redis-cli, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Redis, ká lè wo ìtò rẹ̀: ẹ tẹ CONFIG GET save, lẹ́yìn náà CONFIG GET appendonly, lẹ́yìn náà CONFIG GET dir. Ohun tí wọ́n bá gbé jáde, ẹ dà á síbí. Kí àwọn alájọ padà sórí ìwé fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n má tẹ nǹkan kan sórí áàpù mọ́.

Ìyá Kọ́ọ̀dù
Owó olówó lẹ lọ kó sínú RAM, ìrántí ẹ̀rọ tó ń ṣófo bí iná bá ti lọ? Ẹ dákun, ta ló gbà yín nímọ̀ràn yẹn? PostgreSQL wà, MySQL wà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Ohun tó bá kan owó, inú dísìkì ló ń kọ́kọ́ lọ kí áàpù tó sọ pé "ó ti wọlé". Mo ń sọ ọ́ níbí lójoojúmọ́.

Ọmọ Lagéré
Ẹ kú ìdààmú. Ó ti ṣe èmi náà rí nígbà tí mo ń gbé ní Ifẹ̀. Wọ́n ṣí ojú 6379, ẹnu ọ̀nà tí a ń gbà wọ inú Redis, sílẹ̀ gbayawu sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí páswọ́ọ̀dù, ẹnì kan tí a ò mọ̀ rí wọlé láti ibi tí a ò mọ̀, ó tẹ FLUSHALL, gbogbo rẹ̀ di òfo. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n wọlé sí tiyín náà. Látìgbà tí wọ́n sì ti yí ìwé àṣẹ Redis padà lọ́dún 2024 ni mo ti kó lọ sórí Valkey, ẹ̀ka tó yà kúrò lára Redis, èyí tó wà lábẹ́ Linux Foundation.

Bàbá Server
@Ọmọ Lagéré, kí ni Valkey kàn nínú èyí? Inú RAM ni Valkey náà ń gbé. Iná ló lọ, wọn ò sọ pé olè ló wọlé.

Ọmọ Lagéré
Ẹ̀gbọ́n, mo kàn ń sọ ohun tójú mi rí ni.

Ọmọ Ẹrẹ́jà
@Ìyá Kọ́ọ̀dù, mà, ẹ má bú mi. Ẹ ò sí ní ọjà yẹn nígbà tí a ń lo ohun tó ń kọ sí dísìkì ṣáájú. Lọ́jọ́ ọjà, tí gbogbo alájọ bá ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, á máa fà bí ìgbín. Owó gan-an kò sọnù, báńkì ló wà. Iye tó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ni mi ò mọ̀ mọ́. Kò sì sẹ́ni tó wọlé, kò sí páswọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni àfi èmi àti ọmọkùnrin tó bá mi tò ó.

Ìyá Kọ́ọ̀dù
Mi ò bú yín. Ṣùgbọ́n kí owó wà ní báńkì kí ẹ má sì mọ olówó rẹ̀, kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí pé ó sọnù, lójú ìyá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yín?

Bàbá Server
Ẹ jẹ́ ká ṣe é wẹ́rẹ́. Redis kò pa irọ́ fún ẹnikẹ́ni. Salvatore Sanfilippo, ará Ítálì, ló gbé e jáde lọ́dún 2009, inú RAM ló sì kọ́ ọ sí kó lè yára. Dísìkì wà fún ẹni tó bá fẹ́, ọ̀nà rẹ̀ sì jẹ́ méjì. RDB máa ń ya gbogbo ohun tó wà nínú RAM sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ dump.rdb lóòrèkóòrè. AOF ní tirẹ̀ ń kọ àṣẹ kọ̀ọ̀kan tẹ̀lé ara wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé. Bí ẹ ò bá fọwọ́ kan nǹkan kan, Redis 7 máa ń ya RDB lẹ́yìn wákàtí kan bí ohun kan ṣoṣo bá yí padà, lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún bí ó bá tó 100, lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan bí ó bá tó 10000. Ṣùgbọ́n AOF, pípa ló wà títí ẹ ó fi tàn án. Láìsí èyíkéyìí nínú méjèèjì, alájọ Ṣómólú ni Redis, tí wọ́n ní kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Orí rẹ̀ pé, àmọ́ orí nìkan ni gbogbo rẹ̀ wà.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ pé ẹ ò fọwọ́ kan ìtò rẹ̀, dump.rdb gbọ́dọ̀ wà níbì kan. Òdo tẹ́ ẹ rí yẹn, ó jọ pé ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án.

Òṣómàáló
@Ọmọ Ẹrẹ́jà, ẹ ò tíì dá mi lóhùn.

Ọmọ Ẹrẹ́jà
Ẹ má bínú, sà. Ìyá yẹn ṣì wà níbí.

save: kò sí nǹkan kan níwájú rẹ̀, "" ló kọ.
appendonly: no
dir: /var/lib/redis, mo wo inú rẹ̀, kò sí dump.rdb.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, ìdí wà tí a fi pa á. Lóṣù díẹ̀ sẹ́yìn, Redis ṣàdédé kọ̀ láti gba owó wọlé. Ó ń kọ MISCONF, ó ní òun ò lè kọ sí dísìkì. Ọjọ́ ọjà ni! Ọmọkùnrin tó bá mi tò ó wo log, ìwé tí ẹ̀rọ ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí, ó rí "Can't save in background: fork: Cannot allocate memory". Ó ní RAM kò tó, ká pa ìkọsílẹ̀ yẹn, pé òun á fi ẹ̀rọ kejì sí ilé mi ní Ọ̀kẹ̀sà tí á máa da gbogbo nǹkan kọ láti ọ̀dọ̀ èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó dára lójú mi nígbà náà, ó ṣì dára lójú mi báyìí. Mi ò fi nǹkan sílẹ̀ láìní èkejì.

Bàbá Server
Ẹ̀yà kejì wà tẹ́ ẹ ò sì sọ láti àárọ̀! Ẹ lọ wo ẹ̀rọ Ọ̀kẹ̀sà.

Ọmọ Ẹrẹ́jà
Mo ti wò ó láti ọjọ́ Sátidé, sà. Òun náà ti ṣófo. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa sọ pé Redis ló ṣe mí báyìí. Iná ò lọ ní Ọ̀kẹ̀sà o! Ẹ̀rọ yẹn ò kú rárá!

Òṣómàáló
Ó ti yé mi. Àbúrò, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù ni master, ti Ọ̀kẹ̀sà ni replica. Iṣẹ́ replica ni kó rí bí master ṣe rí. Master kú, ó jí, kò ní fáìlì kankan láti kà, torí náà òfo ló jí pẹ̀lú rẹ̀. Replica tún so mọ́ ọn, ó béèrè pé "kí lo ní?", master ní òun ò ní nǹkan kan, replica wá da gbogbo tirẹ̀ nù kí òun náà lè rí bẹ́ẹ̀. Ìwé àwọn tó ń ṣe Redis kìlọ̀ nípa èyí gan-an: master tí kò ní persistence, ìyẹn ìkọsílẹ̀ sí dísìkì, kò gbọ́dọ̀ máa tan ara rẹ̀ padà. Fáìlì dump.rdb tó bá wà ní Ọ̀kẹ̀sà tẹ́lẹ̀ pàápàá, òfo tó gbà lọ́wọ́ master ti bò ó mọ́lẹ̀.

Ti MISCONF yẹn, kì í ṣe dandan pé RAM kò tó. Bí Redis bá fẹ́ ya RDB, ó máa ń bí ọmọ tí yóò kọ ọ́ (fork tó wà nínú log yẹn nìyẹn), Linux sì lè kọ̀ bó bá rò pé àwọn méjèèjì máa nílò RAM kan náà ní ìlọ́po méjì. Ìtò Linux kan, vm.overcommit_memory = 1, ni wọ́n máa ń fi tún un ṣe.

Ìbéèrè mi tó kù: ṣé kò sí ẹ̀rọ mìíràn tó so mọ́ master yìí rí?

Ìyá Kọ́ọ̀dù
Káàdì àjọ ńkọ́? Àwọn ìyá wọ̀nyí ò ní káàdì tí alájọ ń sàmì sí ni?

Ọmọ Ẹrẹ́jà
Káàdì wà lọ́wọ́ àwọn kan, mà. Àwọn tó wọlé lọ́dún yìí ò gbà á, torí pé áàpù ń fi SMS ránṣẹ́ sí wọn.

@Òṣómàáló, láptọ́ọ̀pù kan wà, sà. Ti ọmọkùnrin yẹn ni. Ó fi ṣe replica kí ti Ọ̀kẹ̀sà tó wà, Redis rẹ̀ sì ṣì wà nínú rẹ̀. Wi-Fi ṣọ́ọ̀bù nìkan ló fi ń rí master. Èmi àti ẹ̀ jà lórí owó iṣẹ́ rẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó gbé e lọ sí Ifẹ̀. Mi ò fẹ́ mẹ́nu kàn án níbí. Ẹ̀gbọ́n mi ti bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀, ó ní òun ń bọ̀. Ó ti wọkọ̀ ní Ifẹ̀ báyìí, ó ní tó bá dé, òun á kàn tan láptọ́ọ̀pù sí ṣọ́ọ̀bù, á sì so ara rẹ̀ pọ̀.

Òṣómàáló
Á Á! Ẹ pè é! Kó má tan láptọ́ọ̀pù yẹn nítòsí Wi-Fi yín!

Bàbá Server
Kó tó gbé fóònù, ẹ fa okùn ráútà ṣọ́ọ̀bù yọ kúrò lára iná. Ẹ fa á yọ báyìí. Bí kò bá rí Wi-Fi, kò lè rí master, bí kò bá rí master, kò ní da nǹkan kan nù. Ifẹ̀ sí Iléṣà ò jìnnà o!

Ìyá Kọ́ọ̀dù
Ẹ tún dá Redis orí master dúró. SHUTDOWN NOSAVE.

Ọmọ Ẹrẹ́jà
Mo ti fa ráútà yọ. Mo ti dá Redis dúró. Kò gbé fóònù.

Ọmọ Ẹrẹ́jà
Ó ti gbé e. Ó kù díẹ̀ kó dé. Ó ní láptọ́ọ̀pù wà ní pípa láti ìgbà tó ti kúrò lọ́dọ̀ mi. Kí ni kó ṣe?

Òṣómàáló
Ẹ ṣé o. Tó bá dé, kó pa Wi-Fi lára láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ kó tó ṣe ohunkóhun, kó sì má tan hotspot fóònù. Kó lọ sí /var/lib/redis, kó tẹ ls -l, kí ẹ wo ọjọ́ tó wà lára dump.rdb. Kó da á kọ sórí fláàṣì, kó tún da á kọ sórí fláàṣì mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó ṣí redis.conf, fáìlì ìtò Redis, kó yọ ìlà replicaof, èyí tó ń so ó mọ́ master, kúrò.

Ọmọ Lagéré
Tó bá ti wà lórí fláàṣì, ẹ gbé e sínú master, ẹ kọ appendonly yes sínú conf, ẹ tan án. Ó parí.

Òṣómàáló
Rárá o, @Ọmọ Lagéré! Bí conf bá ti sọ pé yes, AOF ni Redis máa ń wá tó bá ń jí. AOF ò sì tíì sí, òfo ló tún máa jí pẹ̀lú rẹ̀, dump.rdb yóò wà níbẹ̀ láìsẹ́ni tó kà á. Ẹ jẹ́ kí appendonly wà ní no. Ẹ gbé dump.rdb sínú dir, kó jẹ́ ti user redis, kí ẹ tan án, kí ẹ tẹ DBSIZE, tó ń ka iye àkọsílẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Bí iye tó gbé jáde bá jọ iye àwọn ìyá yín, ìgbà náà lẹ máa tẹ CONFIG SET appendonly yes, lẹ́yìn náà CONFIG SET save pẹ̀lú ìtò tirẹ̀, kí ẹ wá fi CONFIG REWRITE kọ ọ́ sínú redis.conf.

Ọmọ Lagéré
Mo gbà, ẹ̀gbọ́n. Mi ò mọ ìyẹn.

Ọmọ Ẹrẹ́jà
Ó wà! Dump.rdb wà! Ọjọ́ tó kúrò lọ́dọ̀ mi ló wà lára rẹ̀. A ti dà á kọ, a ti gbé e sínú master bí ẹ ṣe sọ, mo wá orúkọ ìyá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, iye owó rẹ̀ jáde. Mo fi hàn án. Ó ní ó kù ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn, òun ń lọ mú fóònù òun wá nílé.

Ìyá Kọ́ọ̀dù
A dúpẹ́. SMS wọn lẹ máa fi tẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn padà, káàdì fún àwọn tó ní in. Iléeṣẹ́ tó ń bá yín fi SMS ránṣẹ́ náà máa ní àkọsílẹ̀, ẹ béèrè kó tó di pé wọ́n pa á rẹ́. Ẹ jẹ́ kí alájọ kọ̀ọ̀kan jókòó ti àwọn ìyá tirẹ̀, kí ìyá fọwọ́ sí iye tó bá gbà pé ó tọ́. Owó ọmọkùnrin yẹn ńkọ́?

Ọmọ Ẹrẹ́jà
A ti ń tẹ̀ ẹ́, mà. @Òṣómàáló, appendfsync, ìtò tó ń sọ ìgbà tí AOF máa dé dísìkì, ń kọ everysec. Ṣé kí n fi í sílẹ̀? Ti Ọ̀kẹ̀sà ńkọ́?

Òṣómàáló
Pẹ̀lú everysec, bí iná bá lọ, owó tí wọ́n tẹ̀ láàárín bíi ìṣẹ́jú-àáyá kan ló lè sọnù. always ń kọ sí dísìkì kó tó dáhùn, á fà díẹ̀. Owó ni, nítorí náà always ni kí ẹ lò títí ẹ ó fi kó ìwé owó lọ sórí PostgreSQL bí Ìyá Kọ́ọ̀dù ṣe wí, kí Redis wá máa fi iye han àwọn alájọ kíákíá. Ti Ọ̀kẹ̀sà, ẹ má tíì so ó pọ̀ lálẹ́ yìí. Ẹ tan save àti AOF lára òun náà, kí ẹ tún máa da dump.rdb kọ jáde síbi tí Redis kankan ò ti lè dé lálaalẹ́. Tó bá di ọ̀la, ẹ so ó.